Ta Ni Onílé Létí Òkun?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Bí ẹnì kan bá fẹ́ lo òpin ọ̀sẹ̀ létí òkun, tí ó fẹ́ pa àgọ́ síbẹ̀, kí ó sùn níbẹ̀ lóru ọjọ́ kan tàbí méjì, kí ó sì padà sílé, kí ni ìwà ọmọlúàbí ní í ṣe pẹ̀lú ibi tí ó yàn? Ẹni tí ń yan aya, ẹni tí ń yan iṣẹ́, ẹni tí ń yan olórí ìlú, gbogbo wa mọ̀ pé ohun ńlá ni ó ń ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń yan iyanrìn tí yóò tẹ́ ẹní lé, ǹjẹ́ ìbéèrè kan wà tí a lè bi òun náà? Èrò tiwa ni pé ó wà. Kì í ṣe inú ìwé ni a ti rí èrò yìí. Ìrìn àjò méjì ni ó kọ́ wa, èkíní sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí ọmọ kan lọ́wọ́ wa.

Ìlú Àjàṣẹ́ ni ilé ẹ̀kọ́ wa wà. Àwa olùkọ́ mẹ́ta àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń kọ́ kíkà àti kíkọ èdè Yorùbá lẹ́yìn iṣẹ́ kíláàsì ni a jọ dá ẹgbẹ́ kékeré kan sílẹ̀. Àwọn kan nínú wọn jẹ́ ọmọ Àjàṣẹ́ gan-an. Àwọn mìíràn wá láti Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́, tí wọ́n ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò òbí wọn. Nígbà tí a bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ kí ẹgbẹ́ ṣe fún ìsinmi oṣù karùn-ún, ohùn wọn ṣọ̀kan: wọ́n fẹ́ sùn létí òkun. Àwọn kan wà nínú wọn tí kò tíì fojú kan òkun rí.

Àwọn òbí kan rò pé bí a óò bá náwó, ó yẹ kí a lọ jìnnà, bóyá sí ilẹ̀ Gánà. Wọ́n rán wa létí pé àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Òwe náà dára, ṣùgbọ́n àpò wa kò jìn tó òwe. Láti Àjàṣẹ́ dé Kútọ̀nú kò ju nǹkan bí 30 kìlómítà lọ. Bí a bá sì ti la Kútọ̀nú kọjá síhà ìwọ̀ oòrùn, òkun wà lápá òsì wa títí a ó fi dé Ouidah, Grand-Popo àti ààlà Tógò. Gbogbo etí òkun ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, láti ààlà kan dé èkejì, jẹ́ nǹkan bí 125 kìlómítà péré. A pinnu pé nítòsí ni a ó lọ.

Ìgbìmọ̀ kékeré jókòó, a sì kọ ohun tí a ń wá sílẹ̀: omi tí ó mọ́, ilé ìyàgbẹ́, òjìji igi àgbọn, owó tí kò ju agbára wa lọ, àti iná tí a lè fi sọ agbára fóònù dọ̀tun. Ohun márùn-ún ni. Nígbà tí a tún wo ìwé náà lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, ojú tì wá, nítorí pé kò sí ènìyàn kankan nínú rẹ̀. A ti kọ omi, a ti kọ igi, a ti kọ iná. A kò kọ ẹni tí yóò gbà wá lálejò.

Ọkùnrin kan ní Kútọ̀nú ni ó fi ibi kan hàn wá. Ó gba owó lọ́wọ́ wa, ó sì sọ ọ̀rọ̀ kan tí ó dùn mọ́ wa púpọ̀: ó ní ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́, kò sí ẹni tí yóò yọ wá lẹ́nu. Kò sí ẹnìkan nínú wa tí ó bi í bóyá àwọn kan ń gbé ibẹ̀.

Àwọn kan ń gbé ibẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ wa dé lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé, a bá àwọn apẹja tí wọ́n ń fa àwọ̀n ńlá wá sétí omi. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí i rí mọ bí iṣẹ́ náà ti rí: ọkọ̀ yóò gbé àwọ̀n lọ sínú òkun, yóò sì tẹ́ ẹ yí omi ká, àwọn tó wà lórí ilẹ̀ yóò pín sí ọ̀nà méjì, wọn yóò sì fi okùn fà á wálé fún wákàtí púpọ̀, ọkùnrin, obìnrin àti ọmọdé, pẹ̀lú orin lẹ́nu. Wọ́n ju ogún lọ. A gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá pẹ̀lú ẹrù wa, a kò sì sọ pé, “Ẹ kú iṣẹ́.”

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ síbí yìí. Èdè wa ní kíkí fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́, fún ẹni tó jókòó, fún ẹni tó ń bọ̀ lọ́nà, fún ẹni tó ń ra ọjà àti ẹni tó ń tà á. Àwa olùkọ́ wọ̀nyí ni a ń kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo wọn, tí a sì ń sọ fún wọn pé ẹni tí kò mọ kíkí kò tíì mọ Yorùbá. Síbẹ̀, a kọjá lára àwọn òṣìṣẹ́ bí ẹni kọjá lára igi. Àwáwí tí a ṣe nínú ọkàn wa ni pé èdè wọn yàtọ̀ sí tiwa. Ṣùgbọ́n òótọ́ ibẹ̀ ni pé a ti sanwó fún ẹlòmíràn, owó tí a san sì ti sọ àwọn ènìyàn yìí di ara ohun tí à ń wò, bí ọkọ̀ wọn àti bí igi àgbọn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, ọmọkùnrin kan láti ìhà Ṣábẹ̀ẹ́, tí ó ti lúwẹ̀ẹ́ láti kékeré nínú odò Ọ̀pàrà, wọ inú òkun. Kò ṣe àfojúdi. Ó wo omi dáadáa, ó sì yan ibi tí ìgbì kò ti ń fọ́, ibi tí omi ti tẹ́jú, nítorí ó rò pé ibẹ̀ ni ewu kò sí. Bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni tí odò nìkan mọ́ lára yóò ṣe. Ṣùgbọ́n òkun kì í ṣe odò. Omi tí ìgbì bá kó wá sétí iyanrìn gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà tí yóò gbà padà, ó sì máa ń gba ojú ọ̀nà tóóró kan, níbi tí ilẹ̀ ti jìn, padà lọ sáàárín òkun pẹ̀lú agbára. Ojú ọ̀nà yẹn gan-an ni ìgbì kì í fọ́ sí. Ibi tí ó dákẹ́ jù lójú àlejò ni omi ti ń gbé ènìyàn lọ. Ẹni tí ó bá mọ̀ kì í bá a jà. Yóò fi ẹ̀gbẹ́ lúwẹ̀ẹ́ jáde nínú rẹ̀, ní ìbámu pẹ̀lú etí òkun, kí ó tó kọjú sí ilẹ̀. Ọmọ wa kò mọ̀. Ó kọjú sí wa tààrà, ó ń lúwẹ̀ẹ́, ó sì ń jìnnà sí wa.

Àwọn baba wa ti sọ ọ́ pé òkun kì í hó ruru kí a wà á ruru. A mọ òwe náà. A ti fi ṣe àpẹẹrẹ nínú kíláàsì. Ní ọjọ́ yẹn, igbe nìkan ni a mọ̀ ọ́n ké.

Àwọn apẹja ni ó gbà á. Ọ̀dọ́mọkùnrin méjì so okùn àwọ̀n mọ́ ìbàdí, àwọn mìíràn di ìdí okùn náà mú lórí ilẹ̀, àwọn méjèèjì sì bọ́ sínú ojú ọ̀nà omi kan náà, wọ́n jẹ́ kí ó gbé wọn dé ọ̀dọ̀ ọmọ náà, a sì fa àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wálé bí ẹni fa ẹja. Ìyá àgbà kan tí ń yan ẹja bọ́ ìró rẹ̀ kan, ó fi bo ọmọ náà. Nígbà tí ẹ̀mí wa balẹ̀ díẹ̀, àgbà ọkùnrin kan wá bá wa. Ẹnì kan nínú wọn, tí ó ti ṣiṣẹ́ rí ní Èkó, ni ó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. A nawọ́ owó sí i. Kò gbà á. Kò bá wa wí. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó bi wá: “Mélòó ni yín? Láti àná ni a ti fẹ́ mọ̀.”

Ó ṣàlàyé pé ní ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n tó wọlé, àwọn máa ń mọ iye ènìyàn tó wà létí òkun, kí wọ́n lè mọ̀ bí ẹnì kan bá sọnù. Àwa ni wọn kò lè kà, nítorí pé kò sí ẹni tí ó bá wọn sọ̀rọ̀.

A padà sílé pẹ̀lú gbogbo ọmọ wa, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kò kúrò nínú ọkàn wa. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, a gbé e wá síwájú ẹgbẹ́: kí ni a ṣe tí kò dára gan-an? Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní kíláàsì Terminale, tí ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò dùn mọ́ púpọ̀, dìde, ó sì gbèjà wa. Ó ní lábẹ́ òfin, etí òkun jẹ́ ti gbogbo ará ìlú. Ìjọba ni ó ń ṣọ́ ọ, ẹnikẹ́ni kò sì lè sọ ọ́ di tirẹ̀ nìkan. Àwọn apẹja kò ní ìwé ilẹ̀ lórí iyanrìn náà ju àwa lọ. Bí ohun kan bá jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, kí ni ìdí tí ènìyàn kan yóò fi tọrọ ààyè lọ́wọ́ ènìyàn kejì? Ó ní a ṣe àìmọ́ọ̀kí, ó gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n a kò rú ẹ̀tọ́ ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ ọmọ náà lágbára, a kò sì fẹ́ gbà á kọjá bí ọ̀rọ̀ ọmọdé. Ohun tí a rí ni pé ó da ọ̀rọ̀ méjì pọ̀: ohun tí ó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, àti ohun tí kò ní ẹni. Ọjà jẹ́ ti gbogbo ìlú. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá kọ́kọ́ gbé àtẹ wá kì í jókòó sí ibi tí ó wù ú. Yóò kí àwọn tí ó bá níbẹ̀, yóò béèrè ibi tí ààyè wà. Ọ̀nà jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n ẹni tí ilé rẹ̀ wà lẹ́bàá rẹ̀ ni ó ń gbá a. Ohun tí ó jẹ́ ti gbogbo wa kì í ṣọ́ ara rẹ̀. Àwọn kan ni wọ́n ń ṣọ́ ọ, bí a tilẹ̀ lè má rí orúkọ wọn nínú ìwé kankan. A wá rí ìtumọ̀ kan fún onílé tí a lè gbára lé: onílé ni ẹni tí yóò kù síbẹ̀ nígbà tí àlejò bá lọ, tí yóò sì jìyà ohun tí àlejò bá bàjẹ́.

Ìyà etí òkun tiwa kò sì kéré. Ní gbogbo ẹkùn yìí, ìgbì máa ń gbé iyanrìn láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn láìsinmi. Nígbà tí a kọ́ èbúté ńlá Kútọ̀nú àti ti Lomé láàárín ọdún 1960 sí 1970, àwọn odi òkúta wọn dá iyanrìn dúró ní apá kan. Apá kejì sì ń pàdánù ilẹ̀ láti ìgbà náà. Ìdí nìyí tí òkun fi gbé ilé púpọ̀ ní ìlà oòrùn Kútọ̀nú, tí àwọn ará Aného àti Agbodrafo ní Tógò fi ń sún sẹ́yìn. Ìdídò Nangbéto lórí odò Mono, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1987, ń dá lára iyanrìn tí odò ìbá gbé wá sókun dúró. Òkun ti gbé apá púpọ̀ nínú Grand-Popo àtijọ́, ìlú tí ó ti jẹ́ ojúkò òwò ńlá rí. Àlejò tí ó dé lọ́jọ́ Sátidé rí iyanrìn, ó sì rò pé iyanrìn kì í tán. Onílé mọ̀ pé ó ń tán. Nígbà tí àlejò bá tu gbòǹgbò koríko tí ń di iyanrìn mú kí ó lè tẹ́ ẹní rẹ̀, kò mọ ohun tí ó ń tú.

Nígbà tí ọdún ẹ̀kọ́ tuntun bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ tún ní àwọn fẹ́ lọ. Ìyá ọmọ tí omi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé lọ kọ̀ ní tirẹ̀, a kò sì dá a lẹ́bi. Àbá mẹ́ta ni ó wà níwájú wa.

Àbá kìíní ni ibùdó kan tí a fi odi yí ká, tí ó ní iná, omi àti ọlọ́dẹ. A kò ní ohun búburú láti sọ nípa irú ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń rí iṣẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n a ti kọ́ láti béèrè, a sì béèrè: àwọn tí wọ́n ń fa àwọ̀n ní iwájú ibí yìí, níbo ni wọ́n ti ń fà á báyìí? Ẹni tí ó dá wa lóhùn kò mọ̀. Ìdáhùn náà tó fún wa.

Àbá kejì ni etí òkun Ouidah, ní tòsí Ẹnu-Ọ̀nà Àìpadàbọ̀, èyí tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1995 fún ìrántí àwọn ẹrú tí a kó gba ibẹ̀ lọ. Ọmọbìnrin kan nínú ẹgbẹ́, tí ìdílé rẹ̀ jẹ́ Àgùdà ní Àjàṣẹ́, sọ pé òun kò lè yan ẹja níbi tí ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti kó ìyá ńlá òun wọ ọkọ̀ lọ sí Bùràsíìlì. Ẹlòmíràn dá a lóhùn pé àwọn ọmọ Ouidah ń ṣeré níbẹ̀ lójoojúmọ́, kò sì sí ẹni tí ó lè fi ìbànújẹ́ sé etí òkun mọ́ àwọn ọmọ tí a bí síbẹ̀. Àwọn méjèèjì ló sọ òótọ́. Ẹni tí ó ń gbé ibẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Àlejò ni ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ibi tí ó dé. A pinnu pé a ó yà síbẹ̀ lọ́sàn-án, a ó dúró, a ó dákẹ́, a ó sì máa bá ọ̀nà wa lọ.

Àbá kẹta ni pé kí a padà sí ibi àkọ́kọ́, sọ́dọ̀ àwọn apẹja náà. Nígbà náà ni a mọ àǹfààní ibi tó wà nítòsí. Ẹni tí ó bá lọ sí òkèèrè lè hùwà bí ó ti wù ú, kí ó sì má padà rí ojú ẹni tí ó ṣẹ̀. Níbi tó wà nítòsí, ojú yóò tún kan ojú. Ẹja tí a ń rà lọ́jà lè jẹ́ tiwọn. Bí a kò bá padà lọ, a óò máa gbé ayé pẹ̀lú gbèsè ní 100 kìlómítà sí ilé.

Àwa méjì ni a kọ́kọ́ lọ, láìkó ọmọ dání. A kí wọn. A dúpẹ́ oore àná. A sì tọrọ ààyè fún òpin ọ̀sẹ̀ kan ní oṣù kọkànlá. Àgbà náà bá àwọn ènìyàn rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó sì fún wa lésì: rárá. Ní ọjọ́ tí a dá, wọ́n ní ìṣe ìbílẹ̀ tí wọn yóò ṣe. Etí òkun kì í ṣe ti àlejò ní ọjọ́ náà. A sọ fún un pé a ti san lára owó ọkọ̀. Ó ní ó dun òun. Kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Ó ní kí a wá ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e.

Kí a má purọ́, inú bí wa. Owó ọkọ̀ náà kò padà, akẹ́kọ̀ọ́ méjì kò sì lè bá wa lọ mọ́ nítorí ọjọ́ tí ó yí padà. Ṣùgbọ́n bí a ti ń bọ̀ wálé, ọ̀rọ̀ kan tí ó ti ń dààmú wa tẹ́lẹ̀ rí ìdáhùn. A ti ń bi ara wa pé: kí ni ìyọ̀ǹda àwọn aláìní tó? Bí ẹni tó lówó bá tọrọ ààyè lọ́wọ́ ẹni tí ebi ń pa, ṣé ìyọ̀ǹda ni “bẹ́ẹ̀ ni” tí ó bá sọ, àbí ebi ni ó ń sọ̀rọ̀? Bí ó bá jẹ́ ebi ni, a jẹ́ pé kíkí wa àti ìtọrọ wa kò ju aṣọ ẹlẹ́wà tí a fi bo owó lọ. Ìbéèrè yìí nira, a kò sì rí ẹni tí ó yanjú rẹ̀ fún wa. “Rárá” tí àgbà náà sọ ni ó yanjú rẹ̀. Nítorí pé ó lè kọ̀ fún wa, tí ó sì kọ̀ lóòótọ́, a lè gba “bẹ́ẹ̀ ni” rẹ̀ gbọ́. Ẹni tí kò lè sọ rárá, bẹ́ẹ̀ ni rẹ̀ kò tíì pé.

Láti ìgbà náà, òṣùwọ̀n tí a fi ń yan ibi ìsinmi kò ju ẹyọ kan lọ: ǹjẹ́ àwọn tí ń gbé ibẹ̀ lè kọ̀ fún wa? Bí a bá rí ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè kọ̀ fún wa, yálà nítorí pé a ti lé wọn lọ, tàbí nítorí pé ẹni tí kò gbé ibẹ̀ ni ó gba owó, tàbí nítorí pé àìní wọn pọ̀ jù, ibẹ̀ kò tíì yẹ fún wa, bí omi rẹ̀ tilẹ̀ mọ́ bí dígí.

Akẹ́kọ̀ọ́ Terminale wa tún dìde. Ó ní: bí ó bá jẹ́ pé àìní ni ó di ẹnu wọn, ṣé kí a má lọ mọ́? Ìyẹn yóò gba owó tí wọ́n nílò kúrò lọ́wọ́ wọn, kí ọkàn tiwa lè mọ́. Òdodo ni. Ìdáhùn tí a ní ni pé a lè fi ọwọ́ ara wa ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún kíkọ̀. A lè béèrè kí ọjọ́ tó pẹ́, kì í ṣe nígbà tí ọkọ̀ ti dúró pẹ̀lú ọmọ nínú. A lè béèrè láìmú owó jáde. A lè má fi mọ sí ọ̀dọ̀ olórí abúlé nìkan, kí a béèrè lọ́wọ́ àwọn obìnrin tí ń sá ẹja pẹ̀lú, nítorí iyanrìn tí a fẹ́ pa àgọ́ lé lè jẹ́ ibi ìsáẹja wọn. Bí wọ́n bá sì kọ̀, kí a má bẹ̀bẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tí a lọ, wọ́n ní àṣẹ tiwọn. Ẹ̀yìn ìlà igi àgbọn ni kí a pa àgọ́ sí. Kò gbọdọ̀ sí iná tí yóò kọjú sí òkun lóru, nítorí pé ìgbà tí ahun òkun máa ń wá yé ẹyin sí iyanrìn ni. Bí àwọn ọmọ rẹ̀ bá pa lóru, ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà ni wọ́n ń kọjú sí, iná àlejò sì lè mú wọn gba ọ̀nà ilẹ̀ dípò ọ̀nà omi. Ibi kan ṣoṣo ni kí a ti wẹ̀, ní wákàtí tí wọ́n bá dá, kí ẹnì kan nínú wọn sì dúró tì wá. Kí a kó ìdọ̀tí wa padà sílé. Àwọn obìnrin abúlé ni ó se oúnjẹ, a sì sanwó lé wọn lọ́wọ́ fúnra wọn. Nínú ohun márùn-ún tí ìwé wa àkọ́kọ́ béèrè, a kò rí ju mẹ́ta lọ. Kò sí iná láti fi sọ agbára fóònù dọ̀tun. Ilé ìyàgbẹ́ náà kò ju ti abúlé lọ. Ṣùgbọ́n òjìji wà, omi kànga mọ́, owó náà kò sì pa wá.

Ọmọ tí wọ́n fa jáde nínú omi wà pẹ̀lú wa. Ìyá rẹ̀ ti yọ̀ǹda níkẹyìn, lẹ́yìn tí a ti lọ bá a nílé lẹ́ẹ̀mẹta, òun náà sì ti kọ̀ fún wa lẹ́ẹ̀mejì. Àkàrà ni ó dì lé e lọ́wọ́ fún ìyá àgbà tí ó fi ìró bò ó.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, a kò sọ pé kí ìsinmi di iṣẹ́. Ara ń fẹ́ ìsinmi, òkun sì dára láti wò. Ohun tí a ń sọ ni pé kò sí ibi tí ènìyàn ti lè sinmi láìjẹ́ àlejò ẹnì kan, yálà ó rí ẹni náà tàbí kò rí i. Bí ẹ bá ń yan ibi tí ẹ ó lọ, ẹ béèrè omi, ẹ béèrè òjìji, ẹ béèrè iye owó. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ béèrè onílé.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé yẹn, kí òkùnkùn tó ṣú, àgbà náà rìn gba ẹ̀yìn igi àgbọn wá. Ó na ìka sí wa ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń ka iye ní èdè rẹ̀. Ó dé òpin, ó padà, ó tún kà á lẹ́ẹ̀kejì. Iye náà pé. Ó kí wa pé kí ilẹ̀ mọ́ bá wa, ó sì wọlé lọ sùn.